Ṣé Iwin Ló Ń Bà Ẹ́ Lẹ́rù Ni, Àbí Ìjọba?

Sátidé tó kọjá, àǹtí kan dá ìwé padà fún mi nísọ̀ mi ní Yábà. Ìwé tòkunbọ̀ ni mò ń tà, ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń ta bàtà òkìrìkà, ẹni tó bá mọ Tẹjúoṣó dáadáa á mọ ibi tí mò ń wí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni àǹtí yìí ra ìwé náà, ó ní òun fẹ́ "èyí tí wọ́n máa ń pidán nínú ẹ̀", èmi náà wo èèpo iwájú, mo rí ọmọbìnrin kan tó dijú mágbárí, iná ń jó lẹ́yìn ẹ̀, mo ní áà, idán rèé, mo bá gbé e fún un. Ó kà á títí kò rí idán. Kò rí iwin, kò rí àǹjọ̀nú, ẹyẹ kan ṣoṣo ò sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ìjọba ló rí. Ìjọba burúkú tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ, ebi, sójà, ìlà oúnjẹ. Ó ju ìwé náà sórí tábìlì mi, ó ní "Bọ̀dá, ẹ lù mí ní jìbìtì o, ṣé ìyà tí mò ń jẹ ní Mushin ò tó ni, tí mo tún wá ń fowó ra òmíì?"

Kí n tó lanu, bọ̀dá kan tó ti ń ka ìwé mi lọ́fẹ̀ẹ́ láti nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú dá sí i pé, "Ẹ̀yin àǹtí, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ jàre, irọ́ ni, fántásì ni wọ́n ń pè é."

Kì í ṣe ọ̀kan náà. Oríṣi ìwé méjì ni, fántásì tó ní idán nínú, àti dístópíà, ìyẹn ìwé ìjọba burúkú. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi nísọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, torí gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ, ẹnìkan á ní ìwé kan ò dáa, ẹlòmíì á ní kò sí ìwé tó dà bíi ẹ̀ láyé, tí mo bá wá gbọ́ ẹjọ́ wọn dé ìdí, máa rí i pé ọ̀kan lọ ra iṣu, ó wá ń bínú pé kò dùn bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé wa. Lọ́dún 1938, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS níbí ní Èkó tẹ ìwé D. O. Fágúnwà jáde, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Ní 1937, ọdún kan péré ṣáájú ẹ̀, Tolkien gbé The Hobbit tiẹ̀ jáde nílùú òyìnbó. Ọ̀kan ò gbọ́ orúkọ èkejì rí. Olùkọ́ ni Fágúnwà, olùkọ́ ni Tolkien, ọ̀kan rán àwọn èèyàn tiẹ̀ wọ igbó tó kún fún ebora, èkejì rán àwọn tiẹ̀ lọ sórí òkè tí dírágónì kan ti sùn lé góòlù. Fántásì ni méjèèjì. Ohun tó sọ wọ́n di fántásì ni pé agbára kan ń ṣiṣẹ́ nínú ayé ìwé yẹn, ọfọ̀ ni o, oògùn ni o, òrùka ni o, agbára tó jẹ́ pé tóo bá jáde nílé rẹ láàárọ̀ ọ̀la, oò ní bá a pàdé ní bọ́ọ̀sì sitọ́ọ̀pù. Oò lè rí Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún ní Ojúẹlẹ́gbà. Ó dáa, Ojúẹlẹ́gbà nìyẹn ṣá, ẹ jẹ́ n ní Ìkẹjà.

Ohun tí àwọn tó ń pè é ní irọ́ ò mọ̀ ni pé fántásì gan-an lófin ju ìtàn míì lọ. Àwọn ará àtijọ́ mọ̀ pé kò sóògùn tí kò léèwọ̀. Ọdẹ tó ní oǹdè lọ́rùn, tó bá jẹ ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ, oògùn á di èèpo igi lásán. Ìwé fántásì tó dáa náà, bẹ́ẹ̀ ló rí, á sọ fún ẹ látìbẹ̀rẹ̀ pé idán yìí, iye tí wọ́n ń san fún un rèé, ibi tó mọ rèé, òǹkọ̀wé ò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́. Torí náà tí kọ́sítọ́mà mi kan bá ní "ìwé yìí ò dáa, wọ́n ti há mọ́ kọ̀rọ̀, ó ku ojú ewé mẹ́ta, àfi bí ọmọ yẹn ṣe na ọwọ́ tí gbogbo ọ̀tá ṣubú", mo máa ń gbà fún un. Ẹjọ́ gidi nìyẹn. Òǹkọ̀wé jẹ èèwọ̀ oògùn ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní "mi ò fẹ́ràn ẹ̀ torí kò lè ṣẹlẹ̀", ìyẹn ò sọ nǹkan kan nípa ìwé yẹn, ó kàn ń sọ pé òun kì í jẹ iṣu ni.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n á ní ìwé òkùnkùn ni, ìwé ẹ̀mí èṣù, wọn ò lè gbé e wọlé. Mi ò kì í bá wọn jà. Mo kàn máa ń sọ fún wọn pé ilé ìtẹ̀wé ìjọ Ọlọ́run ló tẹ ti Fágúnwà, ìjọ yẹn náà ni ṣọ́ọ̀bù ìwé wọn fún bọ́ọ̀sì sitọ́ọ̀pù CMS ní Lagos Island lórúkọ tí gbogbo wa fi ń wọ danfó lójoojúmọ́. Ìyá kan gbọ́ èyí lẹ́nu mi, ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó ní "Ṣé CMS ti Marina?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ra méjì.

Ó wá kan èkejì, èyí tó dájà sílẹ̀ láàárín èmi àti àǹtí. Dístópíà lorúkọ ẹ̀. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fà á yọ, ibi burúkú ló ń jẹ́. Thomas More ló kọ́kọ́ kọ Utopia lọ́dún 1516, ìlú kan tí gbogbo nǹkan ti ń lọ déédéé, ó sì fi orúkọ yẹn ṣe àwàdà torí a lè kà á sí "ibi dáadáa", a tún lè kà á sí "ibi tí kò sí níbì kankan". Ó tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé kí ọ̀rọ̀ yẹn, tí wọ́n ti yí po, tó wọ inú òṣèlú. John Stuart Mill dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1868, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ireland ni wọ́n ń fà, ó ní ẹ̀yin ìjọba yìí, ẹnìkan ò lè pè yín ní Utopian, torí ohun tó dáa kọjá ohun tó ṣeé ṣe ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tiyín ti burú kọjá ohun tó ṣeé ṣe, ẹ̀yin ni dystopian. Bí èébú ṣe di orúkọ nìyẹn. Inú ọ̀rọ̀ òṣèlú ló ti lókìkí, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ dòní.

Nínú dístópíà, kò sí agbára àjèjì kankan. Ohun tí òǹkọ̀wé ṣe ni pé ó mú nǹkan tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá fà á gùn bíi rọ́bà. Ìjọba ń ṣọ́ àwọn kan? Ó dáa, ká ní ó ń ṣọ́ gbogbo èèyàn, nínú yàrá, lójú oorun. Wọ́n ń parọ́ nínú ìwé ìròyìn? Ká ní wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tún ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá kọ, kí irọ́ lè bá irọ́ mu. Iṣẹ́ tí ọkùnrin inú ìwé George Orwell tó ń jẹ́ Nineteen Eighty-Four ń ṣe gan-an nìyẹn, ìwé ọdún 1949. Ṣáájú ẹ̀, ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Zamyatin ti kọ tiẹ̀ ní nǹkan bíi 1920 sí 1921, wọ́n pe ìwé náà ní We, ìlú kan tí wọ́n fi gíláàsì kọ́ gbogbo ilé kí wọ́n lè rí ohun tí kálukú ń ṣe. Ìjọba orílẹ̀-èdè ẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n tà á nílé. Àfi 1988. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ìwé tó ní ìjọba ń dí èèyàn lẹ́nu, ìjọba dí i lẹ́nu fún ohun tó ju ọgọ́ta ọdún lọ. Margaret Atwood ará Kánádà náà, tó kọ The Handmaid's Tale lọ́dún 1985, ti sọ ọ́ fún aráyé pé òun ò fi nǹkan kan sínú ìwé yẹn tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí níbì kan nínú ìtàn ọmọ èèyàn. Nítorí náà bọ̀dá tó ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, kò rí i wí rárá tó bá pe dístópíà ní irọ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá ń dùn nìyí, torí pé Èkó la wà.

Àwọn kọ́sítọ́mà mi tó jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn ọmọ Yunilag àti Yabatech, tí wọ́n bá ka ti Orwell, wọ́n á padà wá pẹ̀lú ojú tó ràn, wọ́n á ní ó bani lẹ́rù gan-an, àwọn ò lè sùn. Bàbá kan wà tó ń tún aago ṣe ní ọ̀kánkán mi, mo yá a ní ìwé kan náà. Ó dá a padà lọ́jọ́ kẹta. Mo ní bàbá, báwo ló ṣe rí? Ó ní "Kí ló wà níbẹ̀? 1984 gangan, ṣé mi ò sí ní Èkó ni?" Ó bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní lọ́dún yẹn, Buhari àti Ìdíàgbọn ló wà lórí oyè, wọ́n gbé Wọ́ọ̀ Agéńsì Indísípílìn jáde ní oṣù kẹta, sójà máa ń dúró ní bọ́ọ̀sì sitọ́ọ̀pù pẹ̀lú kóbókó, tóo bá já ìlà, ẹ̀yìn rẹ á gbọ́ ọ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n á ní kó máa fò bíi ọ̀pọ̀lọ́, àgbàlagbà tó níyàwó tó lọ́mọ. Ó ní ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Díkìrì Fọ́ọ̀, wọ́n fi ju àwọn oníròyìn The Guardian méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n. Bàbá ní "Òyìnbó yẹn kàn ṣe bíi ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ni, àwa la gbé e. Kí n wá máa bẹ̀rù ìwé?"

Kò tíì sí ẹni tó ṣàlàyé ìwé yẹn fún mi dáadáa tó bàbá yìí, síbẹ̀ tí wọ́n bá ní kó fún ìwé náà ní máàkì, kò ní ju mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Kò bà á lẹ́rù. Dístópíà ń lérò pé ilé tí òǹkàwé jókòó sí nígbà tó ń kà á, ó ṣì dáa díẹ̀ ju ti inú ìwé lọ, inú àyè tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni ẹ̀rù ti ń wọlé. Tí àyè yẹn ò bá sí ńkọ́? Ìwé náà á di ìtàn ìlú ẹni, á di "ṣèbí mo wà níbẹ̀". Nígbà tí ìjọba ti Twitter pa, láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra dístópíà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yí padà. Wọn ò pè é ní "ó bani lẹ́rù" mọ́. Wọ́n ń sọ pé "ó jọ".

Àǹtí tó dá ìwé padà náà, ohun tó ń sọ nìyẹn. Kò sọ pé ìwé ò dáa. Ó ní òun ti ní in nílé.

Ẹ̀gàn kan tún wà tí dístópíà máa ń jẹ, pé kì í parí dáadáa, "ìwé yìí ò parí, ó kàn dúró ni". Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Àlọ́ ló bà wá jẹ́, àlọ́ tí ìjàpá á ti jìyà tó tọ́ sí i kí ìtàn tó tán. Àwọn tó ń kọ dístópíà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí tí wọ́n bá bá ọ lé ìjọba burúkú lọ ní ojú ewé tó kẹ́yìn, wàá pa ìwé dé, wàá lọ jẹun, ọkàn rẹ á balẹ̀. Wọn ò fẹ́ kó balẹ̀.

Bó ṣe rí pẹ̀lú òǹkàwé nìyẹn, ibi tí ẹnìkan jókòó sí ni ẹjọ́ ẹ̀ ti ń wá. Amos Tutuola, iṣẹ́ mẹ́séńjà ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan níbí ní Èkó nígbà tó kọ The Palm-Wine Drinkard, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Dylan Thomas, akéwì ńlá, gbé e gẹ̀gẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, àwọn òyìnbó ń yọ̀. Nílé ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé wa bínú burúkú. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò gún, ó fẹ́ dójú tì wá, wọ́n ní àlọ́ tí ìyá àgbà kálukú mọ̀ ni, wọ́n ní ó wo Fágúnwà kọ. Ìwé kan náà o, ọ̀rọ̀ kan náà, ìlà kan náà. Òyìnbó ò gbọ́ àlọ́ yẹn rí, ohun tuntun ló jẹ́ lójú wọn. Tiwa ti gbọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ló kù tí wọ́n fẹ́ máa wò. Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ ọ̀mọ̀wé yẹn ló ń wá a kiri lọ́wọ́ mi, kì í sì í pẹ́ lórí tábìlì rárá.

Báwo lo ṣe máa wá mọ èyí tóo gbé dání? Má wo èèpo, èèpo ló kó mi sí wàhálà. Ohun tí mò ń ṣe rèé. Yọ ata kúrò. Tóo bá yọ ata kúrò nínú ata díndín, kí ló kù? Òróró. Ṣùgbọ́n tóo bá yọ ata kúrò nínú ẹ̀wà, ẹ̀wà ṣì ni, kò kàn dùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fi ọkàn yọ idán kúrò nínú ìtàn náà, kóo wo ohun tó kù nínú ìkòkò. Ẹ mú Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, tó jáde lọ́dún 2018. Ọba burúkú wà nínú ẹ̀, ó ń fìyà jẹ àwọn èèyàn, sójà ń na ọmọ aláìlẹ́ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ á ní dístópíà nìyẹn. Yọ idán kúrò. Kí ni ọba ń bá wọn jà lé lórí? Idán ni! Òróró ló kù. Fántásì ni, ó kàn wọ aṣọ èkejì ni. Àwọn Yorùbá tó kà á sì ní ẹjọ́ míì tó yàtọ̀, ẹjọ́ àmì orí ọ̀rọ̀, pé ìlú inú ìwé náà ń jẹ́ Orïsha, wọ́n fi ààmì méjì lé orí i bíi ìlẹ̀kẹ̀, lẹ́tà tí kò sí nínú ABD wa rárá. Èmi ò bá wọn wí. Tí wọ́n bá fi orúkọ bàbá ẹ ṣe ọ̀ṣọ́, ìwọ náà á sọ̀rọ̀.

Lost Ark Dreaming ti Suyi Davies Okungbowa, 2024, òun ló le jù. Omi ti bo Èkó, ilé gogoro ló kù nínú òkun, àwọn olówó wà lókè níbi tí oòrùn wà, àwọn tálákà wà nísàlẹ̀ lábẹ́ omi, nǹkan kan wá gba inú òkun wọlé bá wọn. Yọ nǹkan inú òkun yẹn kúrò, olówó ṣì wà lókè, tálákà ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀wà ni. Dístópíà ni mo pè é. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní Ìwáyà, létí Mákòkò, kà á, mo ní ṣé ó bà ẹ́ lẹ́rù? Ó ní apá ti òkun yẹn bà á lẹ́rù díẹ̀. Apá ti kí wọ́n sọ pé àwọn kan kọ́ ni wọ́n ni ibi tí wọ́n ń gbé, ó ní ọmọdé lòun nígbà tí ìjọba wá wó ilé ní Mákòkò ní 2012, òun ti mọ ìyẹn. Ẹlòmíì tó ń gbé ní Lẹ́kí ra ìwé kan náà, ó ní àwọn ilé gíga yẹn wu òun, ó ní ó jọ Eko Atlantic. Mi ò tíì bọ́ nínú ìyàlẹ́nu yẹn.

Kí n má parọ́, ọgbọ́n ata yìí máa ń kùnà. Ibi tó ti ń kùnà jù ni ilé màmá mi. Ben Okri kọ The Famished Road, ó gba ẹ̀bùn Booker lọ́dún 1991, ọmọ àbíkú ló ń sọ ìtàn náà, ó ń rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láti ayé kejì. Mo sọ ọ́ fún màmá mi, mo ní àwọn òyìnbó ń jà lórí ẹ̀, àwọn kan ní fántásì ni, àwọn kan ní kì í ṣe fántásì. Màmá ní "Àbíkú ni wọ́n ń pè ní fántásì? Ṣé wọn ò bímọ lọ́dọ̀ wọn ni?" Lójú tiẹ̀, kò sí ata kankan níbẹ̀ tí èèyàn fẹ́ yọ. Bí mo bá sọ fún un pé egbé ló gbé ọdẹ kúrò nínú igbó, kò ní yà á lẹ́nu, ohun tó máa bi mí ni ta ló ṣe é fún un. Fún irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀, ti Fágúnwà kì í ṣe fántásì, ìtàn ọdẹ ni. Orwell ló máa jọ idán lójú ẹ̀, ẹ̀rọ tó wà lára ògiri tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú yàrá èèyàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ fún un pé fóònù ọwọ́ ẹ̀ náà ń gbọ́ ọ, kò gbà.

Ó ku àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì fíkṣọ̀n, bíi Lagoon ti Nnedi Okorafor, 2014, tí àwọn àjèjì láti òkè ọ̀run já sínú omi ní Bar Beach. Ìyẹn kì í ṣe méjèèjì, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lónìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àǹtí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ má bínú, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an fún mi. Ó ní "Èyí tí kò ní ìjọba rárá nínú ẹ̀. Kí ó ṣáà kúrò ní Nàìjíríà díẹ̀." Mo wo tábìlì mi títí, mo fà Ògbójú Ọdẹ yọ, ó gbó díẹ̀ ṣùgbọ́n ojú ewé ẹ̀ pé. Mo ní ẹ gba èyí, igbó ni wọ́n wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, iwin, ebora, ẹ ò ní rí gómìnà kankan. Ó jókòó sórí àga pákó mi, ó ń ṣí i wò níhìn-ín lọ́hùn-ún, mo ti ń tajà fún ẹlòmíì. Nígbà tó yá mo gbọ́ tó pòṣé.

"Bọ̀dá."

"Mà?"

"Ọba ló rán wọn lọ sí Òkè Lángbòdó yìí. Òun fúnra ẹ̀ jókòó sílé."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó wo èèpo, ó wo mi, ó ní kí n yọ igba náírà kúrò níbẹ̀ torí ọba yẹn.